Ta Ló Ń Gba Ènìyàn Síṣẹ́ Jù ní Ilé-Ifẹ̀?

Ẹni tí kò bá ronú jìnnà yóò ní ìbéèrè yìí kò le rárá. Kí a tó béèrè tán pé ta ni agbanisíṣẹ́ tó tóbi jù ní Ilé-Ifẹ̀, yóò ti dáhùn pé Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé ìbéèrè náà lọ sí Ọlọ́dẹ tàbí Ifẹ̀tẹ̀dó lásìkò ìkórè kòkó, ìdáhùn á yí padà. Bí a bá gbé e dé ọjà Odò-Ògbè, á tún yí. Bí a bá sì kàn sí òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tí owó oṣù rẹ̀ há sáàárín Òṣogbo àti Abùjá, ó lè dá ìbéèrè náà padà fún wa pé agbanisíṣẹ́ wo là ń wí: èyí tó fún òun níwèé ni àbí èyí tó yẹ kó sanwó?

Ohun tó ń da ìdáhùn rú kì í ṣe ti Ifẹ̀ nìkan, ti Nàìjíríà lápapọ̀ ni. Ní Amẹ́ríkà, Walmart tó ń ta ọjà nínú ṣọ́ọ̀bù ńlá ló ṣáájú láàárín àwọn iléeṣẹ́ aládàáni, òṣìṣẹ́ rẹ̀ káàkiri àgbáyé sì tó mílíọ̀nù méjì. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, NHS, ètò ìlera ìjọba, ló gba ipò kìíní. Òṣìṣẹ́ rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan. Ní Íńdíà, iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin nìkan ní òṣìṣẹ́ tó ju mílíọ̀nù kan lọ. Iṣẹ́ wọn ò jọra, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ní ìwé owó oṣù tí ènìyàn lè ṣí kó sì kà. Lọ́dọ̀ tiwa, apá kékeré ni ìwé owó oṣù jẹ́ nínú iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn ń ṣe. Nínú àbọ̀ ìwádìí tí NBS, àjọ ìṣirò orílẹ̀-èdè, gbé jáde lórí oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún 2023, nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ Nàìjíríà tó ń ṣiṣẹ́, bíi méjìlá péré ni ẹlòmíràn ń sanwó iṣẹ́ fún. Bíi márùn-dín-lọ́gọ́rin ló ń ṣe iṣẹ́ ara wọn tàbí tí wọ́n ń dáko.

Ìdí nìyẹn tí ìdáhùn fi pọ̀. A ó mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwọn tó ní ọgbà yunifásítì àti ilé ìwòsàn ni

Èyí ni ìdáhùn tó gbajúmọ̀ jù, ìdí rẹ̀ sì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ló dá Yunifásítì Ifẹ̀ sílẹ̀ ní 1961, nígbà tí owó kòkó jẹ́ igi lẹ́yìn ọgbà ẹkùn náà. Ìbàdàn ni ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1962, wọ́n sì kó wá sí Ifẹ̀ ní 1967. Ìjọba àpapọ̀ gbà á ní 1975, orúkọ Awólọ́wọ̀ sì dórí rẹ̀ ní 1987, ọdún tí baba náà papòdà. Ní 1975 kan náà ni ètò ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn bẹ̀rẹ̀, tí ó so ilé ìwòsàn Ifẹ̀ pọ̀ mọ́ Wesley Guild ti Iléṣà.

Kò sí ibòmíràn ní ìlú yìí tí irú iṣẹ́ tó yàtọ̀ síra tó báyìí ti wà lábẹ́ òrùlé kan. Ọ̀jọ̀gbọ́n wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, akọ̀wé, awakọ̀, olùtọ́jú yàrá ìwádìí, ẹni tó ń tún iná ṣe, ẹni tó ń gé koríko, olùkọ́ iléèwé àwọn ọmọ òṣìṣẹ́, òṣìṣẹ́ oko ìwádìí, gbogbo wọn ló wà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ mẹ́rin ló wà nínú ọgbà náà, ASUU, SSANU, NASU àti NAAT, ìyẹn nìkan sì tó láti fi hàn bí iṣẹ́ ibẹ̀ ṣe pín. Owó ìfẹ̀yìntì wà, ìsinmi ọlọ́dọọdún wà, bánkì sì ń gba ìwé owó oṣù wọn láti fi yáni lówó.

Àwọn tó di ìdáhùn yìí mú tún ní ẹ̀rí kan tí ó ṣòro láti jà níyàn: ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ti 2022. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì, kò sì parí títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni akẹ́kọ̀ọ́ fi wà nílé. Yàrá tí wọ́n kọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ ní Aṣerífà àti Pàràkìn ṣófo. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀dà ìwé, àwọn onírẹsì inú búkà, àwọn ọlọ́kadà tó ń gbé ènìyàn láti ẹnu géètì, àwọn tó ń ta káàdì àti tòmátò, kò sí orúkọ ọ̀kan nínú wọn nínú ìwé owó oṣù yunifásítì, síbẹ̀ iṣẹ́ gbogbo wọn ló rọ. Àwọn olùkọ́ fúnra wọn ò rí owó oṣù gbà fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú rẹ̀, torí ìjọba ní ẹni tí kò ṣiṣẹ́ kò ní gbowó. Ìlú rí i kedere pé ọgbà kan ṣoṣo lè mú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìsọ̀ dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà ò sì yàtọ̀ sí ti òkè òkun. Ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà, Johns Hopkins, yunifásítì pẹ̀lú ilé ìwòsàn rẹ̀, ni agbanisíṣẹ́ aládàáni tó tóbi jù. Ìlú tí kò ní iléeṣẹ́ ńlá tàbí tí tirẹ̀ ti wó sábà máa ń gbọ́kàn lé iléèwé àti ilé ìwòsàn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká tú ìdáhùn yìí wò. Gbogbo òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn náà kọ́ ló ń ṣiṣẹ́ ní Ifẹ̀. Iléṣà ni àwọn kan wà, àwọn mìíràn wà ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Bákan náà, láti bí 2007 ni ìjọba àpapọ̀ ti ní kí àwọn iléeṣẹ́ rẹ̀ gbé iṣẹ́ ìmọ́tótó àti irú rẹ̀ fún agbaṣẹ́ṣe. Obìnrin tó ń nu ilẹ̀ ilé ìjọba lè má ní ìwé kankan láti ọ̀dọ̀ ìjọba yẹn. Agbaṣẹ́ṣe ló ń san owó rẹ̀, tí owó náà bá dé. Ṣé òṣìṣẹ́ ibi tó ń nù ni ká pè é ni? Ìwé sọ pé rárá, ọwọ́ ìgbálẹ̀ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ó tún ku èyí tó lágbára jù: yunifásítì kò lómìnira láti gba ẹni tó bá wù ú. Ó gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda láti Abùjá. Ní 2022, ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ náà gba òṣìṣẹ́ ju iye tí wọ́n fọwọ́ sí lọ; àwọn kan ṣiṣẹ́ fún oṣù púpọ̀ láìrí owó, ọ̀rọ̀ náà sì di àríyànjiyàn ńlá ní 2023. Níbi tí wọ́n bá ti ń gba ìyọ̀ǹda kí wọ́n tó gbani síṣẹ́, ó yẹ ká béèrè ẹni tí agbanisíṣẹ́ jẹ́ gan-an.

Àwọn tó ní ìjọba ni

Ibẹ̀ ni àwọn ẹlẹ́ẹ̀kejì ti gbé ọ̀rọ̀ wọn kalẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó ń sanwó ni ọ̀gá. Ní 2020 ni wọ́n kó owó oṣù àwọn yunifásítì àpapọ̀ sábẹ́ IPPIS, ètò kọ̀ǹpútà tó ń sanwó láti Abùjá tààrà. ASUU jà á kíkan kíkan, oṣù Kejìlá 2023 ni ìjọba tó fọwọ́ sí i pé kí àwọn yunifásítì jáde kúrò níbẹ̀. Pé wọ́n jáde kò yí orísun owó padà. Bí a bá wá da yunifásítì àti ilé ìwòsàn pọ̀ mọ́ àwọn olùkọ́ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama, òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀, ọlọ́pàá, àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Àárín Gbùngbùn Ifẹ̀, Ìlà-Oòrùn Ifẹ̀, Àríwá Ifẹ̀ àti Gúúsù Ifẹ̀, a ti kó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo òṣìṣẹ́ olówó oṣù agbègbè yìí sábẹ́ orúkọ kan: ìjọba.

Ìdáhùn yìí tóbi, ìtóbi rẹ̀ náà sì ni àléébù rẹ̀. Ìjọba mẹ́ta ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ẹyọ kan, wọn kì í sì í fohùn ṣọ̀kan. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní oṣù Kẹjọ 1991, ti fi ojú òṣìṣẹ́ rí nǹkan. Láti 2015 títí di ìparí 2018, ìdajì owó oṣù ni àwọn tó wà ní ìpele 12 sókè ń gbà. Àwọn ìpele 8 sí 10 ń gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Àwọn ìpele 7 sísàlẹ̀ nìkan ló ń gba tiwọn pé. Ṣáájú ìgbà náà ni ìpínlẹ̀ kan náà ti kó 20,000 ọ̀dọ́ sínú ètò O-YES, tí wọ́n ń fún wọn ní ₦10,000 lóṣù. Bí a bá ń ka orí, èyí jẹ́ ìgbanisíṣẹ́ ńlá. Bí a bá ń ka owó tó wọ ilé, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀.

Ní 2024, iye tí Ọ̀ṣun fi lélẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó oṣù tó kéré jù jẹ́ ₦75,000, ó fi ₦5,000 ju ti ìjọba àpapọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ní 2025, nígbà tí àríyànjiyàn lórí ta ni alága ìjọba ìbílẹ̀ gbóná, Abùjá dá ìpín owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀ṣun dúró, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sì ní kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ jókòó sílé láti oṣù Kejì ọdún náà. Ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ tí kò sí níbi iṣẹ́, abẹ́ orúkọ wo la ó kọ ọ́ sí?

Àwọn tó ní oko kòkó ni

Àwọn wọ̀nyí kì í pariwo, bóyá torí pé àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nípa ọrọ̀ ajé kì í gbé oko. Èmi ò rò pé a ti fún wọn ní àyè tó tọ́ sí wọn.

Kí ìwé owó oṣù tó dé, àwọn Ifẹ̀ ti mọ bí a ṣe ń kó ènìyàn jọ síṣẹ́. Àáró wà, tí ẹgbẹ́ máa ń ṣe ní oko ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀wẹ̀ wà, tí àna máa ń bẹ̀. Ìwọ̀fà wà, tí ẹni tó jẹ gbèsè máa ń fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sin ẹni tó yá a lówó. Nígbà tí kòkó gbilẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, gbogbo ìwọ̀nyí ò tó mọ́. Alágbàro dé. Àwọn Ìgbìrà, àwọn Ìgèdè àti Àgátú láti Bẹ́núè, àwọn Àgànyìn láti Tógò àti Bẹ̀nẹ̀, gbogbo wọn wá ṣiṣẹ́ nínú igbó kòkó. Àwọn mìíràn gba ilẹ̀, wọ́n ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún onílẹ̀. Àwọn mìíràn ń bójú tó oko olóko, wọ́n sì ń gba ìpín nínú kòkó dípò owó.

Ẹ wo iye ọwọ́ tí kòkó ń gbà kó tó di owó. Nígbà òjò, ẹnì kan á ro ìdí rẹ̀, ẹlòmíràn á pọnmi, á po oògùn, á sì fín in kí èso má baà dúdú. Bí oṣù Kẹwàá bá dé, ọkùnrin á fi gọ̀ǹgọ̀ já èyí tó wà lókè, á fi àdá gé èyí tọ́wọ́ tó. Àwọn obìnrin àti ọmọdé á kó o jọ sójú kan. Wọ́n á fọ́ ọ, wọ́n á yọ hóró rẹ̀, wọ́n á fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á sá a, tí ẹnì kan á sì jókòó tì í, torí òjò tó bá bá kòkó níta ti ba owó jẹ́. Ó ku ẹni tó máa rù ú, ọlọ́kọ̀ tó máa gbé e, àti ẹni tó dúró ti òṣùwọ̀n ní ilé ìrakòkó. Ọwọ́ bíi mẹ́wàá ti kan àpò kan kó tó fi Ọ̀ṣun sílẹ̀, kò sì sí ìwé ìgbanisíṣẹ́ ẹyọ kan níbẹ̀.

Nígbà tí iye tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá dọ́là 10,000 lọ́jà àgbáyé ní 2024, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí, àwọn tó ti fi oko baba wọn sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ibi tí ààlà wà. Láti ìgbà tí ìjọba ti fòpin sí àjọ tó ń ra kòkó ní 1986, olóko ń jẹ àǹfààní ọjà àgbáyé tààrà, ó sì ń jẹ ìyà rẹ̀ tààrà.

Àléébù ìdáhùn yìí kò kéré. Kòkó kì í ṣe agbanisíṣẹ́, igi ni. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún olóko kéékèèké ló ní in, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì lè gba ẹni méjì tàbí mẹ́ta. Iṣẹ́ rẹ̀ ń bá ìgbà rìn: ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dí ní oṣù Kọkànlá lè má rí ṣe ní oṣù Kejì. Ìyàwó àti ọmọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Oko sì máa ń gbẹ nígbà tí àlàáfíà kò bá sí: nígbà ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ ti 1997 sí 2000, tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ìṣákọ́lẹ̀ wà lára ohun tó dá a sílẹ̀, ọ̀pọ̀ olóko ò lè dé oko wọn.

Ó sì ní ohun kan tí ìdáhùn yìí fi ju gbogbo yòókù lọ: òun ló bí wọn. Sara Berry, òpìtàn ọrọ̀ ajé ará Amẹ́ríkà, tẹ ìwé kan jáde ní 1985 lórí àwọn ìdílé kòkó, àwọn olùkọ́ àti àwọn mẹkáníìkì ní agbègbè Ifẹ̀. Ohun tó fi hàn níbẹ̀ ni pé owó kòkó kò dúró sóko. Ó rán ọmọ níléèwé, ó sì ran ọmọ mìíràn lọ́wọ́ láti ṣí ìsọ̀.

Àwọn tó ní olúkúlùkù ló gba ara rẹ̀

Ìsọ̀ yẹn ni ẹgbẹ́ kẹrin dúró lé. Láti Lágèrè dé Sábó, láti Ọjà Titun dé Odò-Ògbè, alásọ, aránṣọ, onídìrí, ajórinmọ́rin, kápẹ́ńtà, oní-POS àti onímàrúwà ló kún ojú títì. NBS ní nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ Nàìjíríà, ó lé ní méjìléláàádọ́rùn-ún tó wà nínú irú iṣẹ́ tí kò sí lábẹ́ àkọsílẹ̀ báyìí ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023. Bí iye bá ni ìdíwọ̀n, ẹjọ́ ti parí.

Kò parí. NBS kan náà ló sọ pé àwọn tí kò níṣẹ́ jẹ́ 33.3 nínú ọgọ́rùn-ún ní ìparí 2020, tó sì wá sọ pé wọ́n jẹ́ 4.1 péré ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023. Kì í ṣe pé iṣẹ́ ya lu ìlú. Òṣùwọ̀n ni wọ́n yí. Tẹ́lẹ̀, ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ tó ogún wákàtí lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń kà mọ́ aláìníṣẹ́. Ní báyìí, wákàtí kan ti tó láti pe ènìyàn ní òṣìṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílẹ̀ òkèèrè. Àwọn tó gbà á wọlé ní ó jẹ́ ká lè fi ara wa wé orílẹ̀-èdè mìíràn. Àwọn tó kọ̀ ọ́ ní ẹni tó ta omi tútù fún wákàtí kan lọ́sẹ̀ kò tíì ríṣẹ́. Lójú tèmi, òdodo wà lọ́wọ́ méjèèjì, ṣùgbọ́n ti ẹgbẹ́ kejì ló sún mọ́ ìkòkò ọbẹ̀ jù.

Ọmọ iṣẹ́ tún wà níbẹ̀. Òbí rẹ̀ ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, ó ti sanwó ẹ̀kọ́, ó ń gbálẹ̀ ìsọ̀ láàárọ̀, ó ń lẹ bọ́tìnnì, ó ń gé aṣọ, títí yóò fi gba fúrídọ̀ọ̀mù. Ọ̀gá ń jèrè iṣẹ́ rẹ̀ kò sì sanwó fún un. Bí a bá kà á mọ́ òṣìṣẹ́, ìsọ̀ Ifẹ̀ di agbanisíṣẹ́ ńlá. Bí a bá kà á mọ́ akẹ́kọ̀ọ́, ìsọ̀ di iléèwé.

Àwọn iléeṣẹ́, àti àwọn tó wà lókè òkun

Èyí ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Iléeṣẹ́ ńláńlá kò pọ̀ ní Ifẹ̀ rí. Èyí tó ń yọ́ irin àlòkù wà ní Fáṣínà lọ́nà Ìbàdàn. Iléeṣẹ́ ọtí bíà wà ní Iléṣà, ibi ìwakùsà wúrà Ṣẹ̀gilọlá tó bẹ̀rẹ̀ sí í mú wúrà jáde ní 2021 sì wà lápá Ìpéríndó. Ọmọ Ifẹ̀ lè rí iṣẹ́ níbẹ̀, àmọ́ kò sí èyí tó lè figa gbága pẹ̀lú ọgbà yunifásítì tàbí oko.

Èyí tó yẹ ká bojú tó ni NHS tí a dárúkọ lókè. Ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì àti dókítà tí wọ́n kọ́ṣẹ́ ní Ifẹ̀ ló wà lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀ lónìí, owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sì ń kọ́lé, ó ń sanwó ilé ẹ̀kọ́, ó ń gba bíríkìlà síṣẹ́. Kò sẹ́ni tó ń ka ìwọ̀nyí mọ́ agbanisíṣẹ́ Ifẹ̀. Bóyá ó yẹ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ kù sí

Bí ó bá jẹ́ ìwé owó oṣù là ń tẹ̀lé, yunifásítì àti ilé ìwòsàn rẹ̀ ló borí. Bí ó bá jẹ́ orí ènìyàn, oko àti ìsọ̀ kò ní alátakò. Bí ó bá jẹ́ ẹni tó lè mú ìlú dákẹ́ bí kò bá sanwó fún oṣù mẹ́ta, Abùjá ni, èmi ò sì rí ẹni tó lè bá mi jiyàn lórí ìyẹn.

Ohun tí a kò tíì yanjú ni bí ẹnì kan ṣoṣo ṣe ń jẹ́ orúkọ mẹ́ta. Olùkọ́ yunifásítì tó ní oko kòkó ní Ọmífúnfún, tí ìyàwó rẹ̀ sì ní ìsọ̀ ní Lágèrè, ẹgbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń kà á mọ́ tiwọn. Ààlà náà ò dá wa lójú: ṣé ìlú nìkan ni Ifẹ̀, ṣé Modákẹ́kẹ́ wà nínú rẹ̀, ṣé gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni? Bí a bá fẹ ààlà, kòkó á gbérí. Bí a bá dín in kù, ọgbà á gbérí. Ìkànìyàn tí à ń gbára lé jẹ́ ti 2006, nígbà tí àwọn tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Àárín Gbùngbùn àti Ìlà-Oòrùn Ifẹ̀ jọ lé ní 355,000. Wọ́n sún ti 2023 síwájú, wọn ò sì tíì ṣe é.

Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní ẹ̀ka tó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ìkànìyàn àti ìṣirò àwùjọ, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sì ń wá ohun tí wọ́n máa fi kọ iṣẹ́ àṣegboyè lọ́dọọdún. Kí wọ́n mú ìbéèrè yìí. Kí wọ́n ka àwọn òṣìṣẹ́ láti ojúlé dé ojúlé, ní oṣù Kọkànlá tí kòkó wà lóòrùn àti ní oṣù Kejì tí oko dákẹ́, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ wọlé àti nígbà tí wọ́n lọ ìsinmi. Kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ṣílẹ̀kùn fún wọn.